Bí A Ṣe Bọ́ Símẹ́ǹtì Lára Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Wa

Bí a ṣe bá ilé náà

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà abúlé wa wà létí ọ̀sà ní agbègbè Badagry, lẹ́yìn oko àgbọn. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ní báyìí ọ̀kadà ń gba ọ̀nà yanrìn wọlé. Ilé náà kò tóbi. Gbọ̀ngàn ìjọsìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 48 ní gígùn àti 20 ní ìbú, ibi mímọ́ yọ síta lápá ìlà-oòrùn, yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ínṣì 18. Amọ̀ ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àmọ́ ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò pè é ní ilé búlọ́ọ̀kù, nítorí pé wọ́n ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tinú tòde, wọ́n sì ti kùn ún ní ọ̀dà.

Nítorí àwọn ìjọ mìíràn ní agbègbè wa tí ilé wọn jọ tiwa ni mo ṣe kọ àkọsílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wó tiwọn. Àwọn kan ṣì ń dá a rò. Kí wọ́n tó gbé òòlù, kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ohun tí a rí.

Ògiri ìhà gúúsù, èyí tó kọjú sí ọ̀sà, ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Rírẹ́ rẹ̀ ti wú láti ibi orúnkún lọ sílẹ̀. Bí a bá fi ìka kàn án, ó ń dún bí igbá òfìfo. Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, abala kan ya lulẹ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bá a wálẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni kankan nínú ilé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìjọ. Agbaṣẹ́ṣe kan tí wọ́n ní kó wá wò ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní ilé ti gbó, kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn.

Èmi ò gbà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo sì ti kọ́ ọ, ẹni tó ti ń mọ ilé alámọ̀ kí búlọ́ọ̀kù tó gbòde. Mo bi ìpàdé pé: ilé yìí gba òjò, ó gba oòrùn láti ìgbà àwọn bàbá wa àgbà, kò wó, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí a fi símẹ́ǹtì bò ó lára ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà? Bàbá Ìjọ wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó o bá mọ ohun tó ń pa á, fi hàn wá." Bí wọ́n ṣe gbà mí láyè láti ṣí apá kan wò nìyẹn.

Ohun tó wà lábẹ́ símẹ́ǹtì

Mo mú ìlà kan láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ fèrèsé, mo sì ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà ló kọ́kọ́ ṣí, ìpele lórí ìpele. Lẹ́yìn rẹ̀ ni símẹ́ǹtì, tó nípọn tó ínṣì kan, tó sì le débi pé òòlù ń ta padà. Lẹ́yìn símẹ́ǹtì ni nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé láyé àtijọ́. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kùn ún: ìpele rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Lẹ́yìn èyí ni amọ̀ gan-an wá hàn.

Mo ní kí àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wá wò ó. Ojú ibi tí ìpele amọ̀ kan ti parí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣì hàn kedere, ìpele kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí wọ́n ṣe ń mọ ilé nìyẹn: wọ́n á to amọ̀ yíká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó lè gbé ara rẹ̀, kí wọ́n tó gun òmíràn lé e. Háhá ẹyìn wà nínú amọ̀ náà, èérún ìkarahun wà níbẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé kejì láti ẹnu ọ̀nà, ojú ìka mẹ́rin wà lára amọ̀, ó wọlé ṣinṣin, níbi tí ẹnì kan ti tẹ amọ̀ tútù mọ́ àyè rẹ̀. Mo gbé ìka tèmi lé e. Ọwọ́ ẹni náà kéré sí tèmi.

Láti ìgbáròkó sókè, amọ̀ yẹn le débi pé ìṣó kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Láti orúnkún sísàlẹ̀, ó rọ̀. Bí mo bá bù ú, tí mo fún un, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Láàárín méjèèjì, iyọ̀ funfun ti yọ, ó ń jábọ́ bí a bá fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà kò le láti yé. Omi ilẹ̀ máa ń gun ògiri amọ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí kò ní gùn ún díẹ̀. Àmọ́ ògiri tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń mí: ohun tó bá fà mu, atẹ́gùn àti oòrùn á tún gbà á lára rẹ̀. Símẹ́ǹtì le, ó sì dí. Omi tó bá dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó ń gun òkè sí i, amọ̀ á sì padà di ẹrẹ̀ nínú ògiri láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni tó o. Ọ̀sà tiwa yìí máa ń gba iyọ̀ òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ náà ń bá omi gun ògiri, ó ń dì lẹ́yìn rírẹ́, ó ń wú, ó sì ń ta rírẹ́ dànù. Èyí tó tún burú ni pé yanrìn etí òkun ni wọ́n fi po símẹ́ǹtì ìgbà náà. Iyọ̀ wá wà níwájú, iyọ̀ wà lẹ́yìn. Amọ̀ sì máa ń fẹ̀ díẹ̀ lásìkò òjò, á súnkì lásìkò ọyẹ́, símẹ́ǹtì kò lè bá a fẹ̀ kó tún bá a súnkì, á ya. Òjò á gba ojú ibi tó ya wọlé, á sì dúró síbẹ̀.

Mi ò bá àwọn tó rẹ́ ẹ wí. Ìfẹ́ ilé Ọlọ́run ni wọ́n fi ṣe é. Símẹ́ǹtì tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824 pẹ́ kó tó di nǹkan tí ará abúlé lè rà, torí pé inú àgbá ló ti ń bá ọkọ̀ òkun wá, owó rẹ̀ sì ga. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì nílé ní 1960 ni àpò rẹ̀ wá dé ibi gbogbo. Ilé amọ̀ di ohun tí èèyàn ń tijú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti rí ṣe l'Ékòó, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa ṣe ni kó rẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà gba tirẹ̀.

Ìpàdé kejì

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ohun tí mo sọ. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé inú ilé amọ̀ lẹ fẹ́ ká máa jọ́sìn láyé yìí?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mo ní gbogbo wa la mọ ibi tí igi Agia wà ní Badagry. Abẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman, ará Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ìyẹn ìwàásù Kírísítẹ́nì tí a kọ́kọ́ gbọ́ ní ilẹ̀ náà, àwọn èèyàn sì ṣe Kérésìmesì ní Badagry lọ́dún yẹn kan náà. Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé nínú oṣù Kejìlá. Igi náà wó ní 1959. Ohun tó kù níbẹ̀ báyìí ni òkúta ìrántí tí wọ́n mọ sójú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rìn dé Marina, ẹ óò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Gollmer, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún CMS, parí ní 1845. Ó dúró síbẹ̀. Àkàsọ̀ rẹ̀ ṣeé gùn. Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti òkèèrè wá wò ó. Ẹni tó bá dé ibi igi, ìtàn nìkan ni wọ́n lè sọ fún un. Ẹni tó bá dé ibi ilé, á fọwọ́ kan ògiri. Mo ní ilé amọ̀ tiwa yìí náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ní ohun tí ọmọ èèyàn lè fọwọ́ kàn.

Bàbá Ìjọ fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un. Wọ́n ní ìdí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS fi pẹ́ ní Badagry ni pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, Ṣódẹkẹ́, olórí Abẹ́òkúta tó pè wọ́n, ló kú ní 1845 tí ọ̀nà kò fi ṣí. Ọdún 1846 ni Crowther àti Townsend tó ráyè lọ. Láàárín ìgbà tí wọ́n ń dúró yẹn ni iṣẹ́ Badagry fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ìhìn rere ti ń bá ọkọ̀ ojú omi wọ àwọn abúlé tó wà létí ọ̀sà, lọ́wọ́ àwọn katikísì tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ bò ni ìjọ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Màmá tó dàgbà jù nínú ìjọ sì sọ ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn: nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri yìí, ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé ló ní apá tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mọ, Ẹ̀gùn àti Yorùbá, ẹni tó ti ṣe ìrìbọmi àti ẹni tí kò tíì ṣe.

Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ wíwó mọ́. Wọ́n gbà pé kí a bọ́ símẹ́ǹtì ìhà gúúsù, kí a tún un ṣe, kí gbogbo ìjọ sì wo bó ṣe máa rí kí a tó kan ìhà yòókù.

Ilẹ̀ àti omi

Ká tó fọwọ́ kan ògiri, omi la kọ́kọ́ bá jà. Ẹni tó bá tún ògiri ṣe láìtún ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, owó ló ń dà sọ́sà.

Wọ́n ti da kọnkéré yí ṣọ́ọ̀ṣì ká kí ẹrẹ̀ má baà máa yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Kọnkéré náà fi ínṣì mẹ́rin ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, ó sì tẹ̀ síhà ògiri. Omi òjò tó bá ti bọ́ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri ló ń ṣàn lọ. A fọ́ ọ. A gbẹ́ kòtò tóóró kan yíká, ìgbọ̀nwọ́ kan àbọ̀ sí ògiri, a mú kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ síhà ọ̀sà, a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun kún un. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo dúró lábẹ́ agbòjò, mò ń wo bí omi ṣe ń gba ibẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ògiri gbẹ.

Inú ilé, táìlì ló wà nílẹ̀. Táìlì náà ń lé omi ilẹ̀ sábẹ́ ògiri, àmọ́ ìjọ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ìyá ni wọ́n dáwó rẹ̀. A gé ìlà kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i. Ìyẹn náà ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.

Sísun ìkarahun

Bí a kò bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí la máa fi rẹ́ ẹ? Ẹfun ìkọ́lé ni, èyí tí àwa bíríkìlà ń pè ní láìmù. Ní etíkun tiwa yìí, kò sí òkúta ẹfun nítòsí, ìkarahun ni wọ́n ń sun. Wọ́n ń ta ti inú àpò l'Ékòó, mo sì rà díẹ̀ fún ìkùn ìkẹyìn, àmọ́ mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìkarahun kò wọ́n. Àwọn ìyá tó ń ṣa ìsáwùrú ń kó o dà sẹ́yìn ilé, òkìtì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. A kọ́kọ́ fi omi òjò ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. A wá gbẹ́ ihò sára ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, a sì lu ojú kan sí i nísàlẹ̀ tí atẹ́gùn á máa gbà wọlé. A to igi gbígbẹ, a to èèpo àgbọn, a to ìkarahun, a tún to igi, bẹ́ẹ̀ títí ó fi kún. Ọ̀sán la dáná sí i, ó sì jó di ọjọ́ kejì. Iná náà gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, tó bíi 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ìkarahun tó lè jáde lára rẹ̀. Bí ó bá jinná, ìkarahun á funfun gbòò, á fúyẹ́, á sì fọ́ bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ewu wà ni ibi tó kàn. Ẹfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iná jáde yìí, ebi omi ń pa á. Bó bá kan omi, á hó. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi awò bo ojú, mo sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Omi la kọ́kọ́ rọ sínú dúrọ́ọ̀mù, a wá ń da ìkarahun sí i ní díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà kó wá máa da omi lé ẹfun, torí pé ó lè ta séèyàn lójú. Omi náà hó, ó ń rú èéfín funfun, dúrọ́ọ̀mù gbóná débi pé a ò lè sún mọ́ ọn. Bàbá kan tó jẹ́ Ẹ̀gùn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, gbé àga wá síbi tó jìnnà díẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti rí i rí nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn ò sì rò pé àwọn tún máa rí i.

Lẹ́yìn tó tutù, a sẹ́ ẹ, a sì fi í sábẹ́ omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń kúnná sí i. Ìwọ̀n ẹfun kan sí ìwọ̀n yanrìn odò mẹ́ta la fi pò ó. Yanrìn odò ni mo wí, kì í ṣe ti etí òkun. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, afẹ́fẹ́ tí iná lé jáde lára ìkarahun, ẹfun náà á máa fà á padà díẹ̀díẹ̀ láti inú atẹ́gùn, títí tó fi máa padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ yára gbẹ. Àpò tútù la fi ń bò ó tí oòrùn bá mú.

Ògiri gúúsù

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ la bọ́ símẹ́ǹtì náà pátápátá, a sì fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò kó gbẹ. Ibi yìí ni àwọn èèyàn ti fẹ́ kánjú. Wọ́n ń bi mí ní ọjọ́ ìsinmi gbogbo pé ìgbà wo ni mo máa rẹ́ ẹ. Ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é. Iyọ̀ ń jáde sójú ògiri, a sì ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a kúrò, a kì í fi omi fọ̀ ọ́.

Ìsàlẹ̀ tó ti jẹrà la wá gé dànù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. A gé ibi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, a fo ẹsẹ̀ mẹ́ta, a tún gé mẹ́ta, kí ògiri tó wà lókè lè ní ohun tó gbé e dúró. Bíríkì amọ̀ tí a sá lóòrùn la fi dí àwọn ojú ihò náà, amọ̀ la sì fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tí èyí gbẹ tó sì le, a wá gé ibi tí a fò.

Wíwá amọ̀ tó bá ti àtijọ́ mu gbà wá lásìkò. Ilẹ̀ wa jẹ́ yanrìn, amọ̀ pupa wà ní òkè, a sì mú un wá láti oríṣiríṣi ojú ibi. Mo bu amọ̀ ògiri àtijọ́ sínú ìgò kan, mo bu tuntun sínú àwọn ìgò yòókù, mo rọ omi sí wọn, mo mì wọ́n, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á bá a lókè. Èyí tí ìpele rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba ni a mú. Ilẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù máa ń ya bó bá gbẹ, èyí tí yanrìn rẹ̀ bá pọ̀ jù á sì máa hó dànù.

Títẹ̀ ẹ ni gbogbo ìjọ bá wa ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi bọ́ bàtà, àwọn ìyá ká ìró sókè, wọ́n bọ́ sínú kòtò amọ̀, orin sì gba ẹnu wọn, ọ̀kan ní èdè Ẹ̀gùn, ọ̀kan ní Yorùbá. Ọ̀dọ́ tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ ìpàdé ló ń fi ṣọ́bìrì da háhá ẹyìn sí i.

Rírẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ amọ̀ tí a po ẹfun díẹ̀ mọ́, ìkejì jẹ́ ẹfun àti yanrìn, fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà la fi ẹfun tó ṣàn kùn ún, ẹ̀ẹ̀kan lórí òmíràn. Kò dán bí ọ̀dà. Oòrùn àárọ̀ bá a, ó ń mọ́lẹ̀ láti inú wá. Mo ti rẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ní ayé mi, mi ò tíì rí èyí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn fèrèsé

Ìhà gúúsù ní fèrèsé márùn-ún tí orí wọn ga ṣónṣó. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí ṣónṣó mẹ́ta nínú wọn, kí fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n rà lọ́jà lè bá a mu. A yọ ọ́. Àwọn ọmọ bi mí ìdí tí ẹni tó ń mọ ilé amọ̀ létí ọ̀sà fi ṣe wàhálà fèrèsé onísónṣó. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ní 1839, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Cambridge dá ẹgbẹ́ Camden sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láyé àwọn baba ńlá wọn, pẹ̀lú áàṣì onísónṣó (ìyẹn orí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé tí wọ́n mọ tẹ̀ bí ọrun) àti ibi mímọ́ tó dá yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn, ni kí wọ́n padà sí. Ìmọ̀ràn wọn tàn dé ibi gbogbo tí ìjọ Áńgílíkà dé. Bó ṣe bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ sí ibi gbogbo ló ṣe bá katikísì dé abúlé.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn bàbá wa fi ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ kọ pẹpẹ sí ìlà-oòrùn, èyí jẹ́ ti ìgbàgbọ́. Létí ọ̀sà tiwa, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ tó gùn á kọjú sí gúúsù níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á sì bá ẹ̀gbẹ́ tó kúrú nìkan. Wọ́n wá fi fèrèsé ìhà àríwá ṣe déédéé ti gúúsù kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Lójú tèmi, ìmọ̀ wọn ju ti ẹni tó fi gíláàsì àti fáànù mẹ́fà dí ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a ṣí ṣónṣó wọ̀nyẹn, tí káfíńtà sì fi igi ìrókò ṣe ìlẹ̀kùn fèrèsé tó ní àlàfo, a ṣe ìsìn ọ̀sán láìtan fáànù kankan.

Yíká orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ọ̀ṣọ́ kan wà tó yọ síta bí okùn tí wọ́n lọ́. Irú ọwọ́ yìí, ti àwọn Àgùdà ni, àwọn tó ti Brazil padà wá sílé. Àwọn ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ rírẹ́ ní etíkun yìí. Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tó kọ́ Kàtídírà Holy Cross àkọ́kọ́ l'Ékòó tó parí ní 1881. Ẹni tó ṣe tiwa lè má jẹ́ Àgùdà fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ti dúró lẹ́yìn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti kán la tún ṣe, ibi tó ṣì dúró, a kò fọwọ́ kàn án ju kí a gbọn eruku rẹ̀.

Lókè áàṣì

A kò retí èyí. Lókè áàṣì tó ya gbọ̀ngàn sọ́tọ̀ kúrò lára ibi mímọ́, ọ̀dà ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló rí i pé nǹkan dúdú wà lábẹ́ rẹ̀. A gbé àkàbà, a fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Lẹ́tà ni, pupa pẹ̀lú etí dúdú, ó gùn tó ọwọ́ ṣíṣí, ó tẹ̀ lé bí áàṣì ṣe tẹ̀: ẹsẹ Sáàmù kan ní Yorùbá. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́lẹ́ kan lókè àti nísàlẹ̀ kí ó má baà wọ́. Ìlà náà ṣì wà. Lẹ́tà kan tó fẹ́ kọjá etí, ó fún un mọ́ra kí ó lè wọlé.

Bàbá Ìjọ wá, wọ́n kà á sókè, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn máa ń kà á nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé tí ìwàásù bá ti gùn jù, àwọn sì ti rò pé iná jó o tàbí pé wọ́n ti wó ibi tó wà. A kò tún un kùn. Ibi tó ti parẹ́, ó ti parẹ́. Ẹni tó bá dúró níwájú lè kà á.

Òrùlé

Díẹ̀ ni mo máa sọ níbí. Etí òrùlé ti kúrú jù, torí pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ páànù kẹ́yìn, wọ́n gé e kí owó lè dínkù. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wá ń bọ́ sí ara ògiri gan-an. A fà á síta di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ikán ti jẹ igi tó sùn lórí ògiri ní igun kan, a yọ ọ́, a fi ọ̀pẹ̀pẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Páànù àtijọ́ díẹ̀ ṣì wà lórí yàrá akọrin, ó nípọn ju ti òde òní lọ dáadáa. A fọ̀ ọ́, a kùn ún, a dá a padà.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ògiri gúúsù àti ti ìwọ̀-oòrùn ti parí. Ìsàlẹ̀ wọn gbẹ lẹ́yìn òjò ọdún kan gbáko. Ibi kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tí ẹfun rẹ̀ ti hó díẹ̀, níbi tí ọ̀kadà ti ń fara kàn án. A tún un kùn, kò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ti gbà á ní iṣẹ́ wọn pé lọ́dọọdún kí Àjíǹde tó dé, wọn á fi ẹfun kùn ún, dúrọ́ọ̀mù ẹfun kan sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí omi bò mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi símẹ́ǹtì kan ògiri náà mọ́, ì báà jẹ́ láti lẹ òkúta ìrántí òkú mọ́ ọn.

Ògiri àríwá ṣì wà nínú símẹ́ǹtì. A ò ní bọ́ ọ títí ìkórè á fi kọjá, tí òjò á sì ti dá. Agogo ń dúró de ilé tirẹ̀, orí òpó igi méjì ló wà báyìí. Ìjọ tó bá ní irú ilé yìí tó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kí wọ́n wá ní àsìkò ọyẹ́ nígbà tí ìhà àríwá bá wà ní ìhòòhò, torí ìgbà yẹn nìkan ni amọ̀ ṣeé wò. Kí wọ́n mú díẹ̀ lára amọ̀ ògiri tiwọn dání nínú ìgò. Mo máa bá wọn mì ín.